Kíláàsì Sátidé Ìyá Sàmíát

Ọmọ Ìbà pọ́ńbélé ni Mosúnmọ́lá. Ilé tí wọ́n bí i sí, ilé alámọ̀ ni tẹ́lẹ̀, kí bàbá rẹ̀ tó wó o, tó fi búlọ́ọ̀kù tún un kọ́, tó sì di ilé oníyàrá mẹ́wàá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU ń háyà. Nígbà tí bàbá kú, Àdìjá ìyá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àdìjá, ló ń bójú tó ilé náà. Ìyá yìí a máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jà bí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ sí abẹ́ fèrèsé rẹ̀, bí ìdánwò bá sì dé, a tún máa bu ọbẹ̀ fún wọn, a ní ebi kì í jẹ́ kí ìwé wọ orí.

Ẹni tó bá dàgbà sí Ìbà kò ní ṣàì mọ ṣọ́jà, nítorí bárékè Òjó kò jìnnà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mímọ̀ yàtọ̀ sí fífẹ́. Nígbà tí Mosúnmọ́lá mú Àdìgún wálé lọ́dún 2006, ìyá rẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀. Àdìgún kì í ṣe irú ṣọ́jà tí èèyàn ń rí sá fún. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, akọ̀wé ni nínú iṣẹ́ ológun, fáìlì àti kọ̀ǹpútà ló ń gbé ju ìbọn lọ. Bí wọ́n ṣe pàdé ni pé ó mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí Mosúnmọ́lá ti ń kọ́ àwọn ọmọ praímárì kejì, ó bá a nídìí pátákó, ó dúró wo bó ṣe ń fa lẹ́tà, ó sì sọ fún un pé òun ò rí ọwọ́ ìkọ̀wé tó gún tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Mosúnmọ́lá ju kó ní ó rẹwà lọ.

Lẹ́yìn tí àlejò lọ tán, Ìyá Àdìjá pe ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Ọmọ náà níwà," ó wí. "Mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ṣọ́jà kì í ṣe ẹran àsomọ́lẹ̀. Ibi tí ìjọba bá ní kó lọ ni yóò lọ."

"Mọ́mì, èmi náà á tẹ̀ lé e."

"Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn," ni ìyá rẹ̀ dáhùn.

Ọdún karùn-ún tí wọ́n ṣègbéyàwó ni sígínà àkọ́kọ́ dé. Sígínà ni àwọn ṣọ́jà ń pe ìwé tí wọ́n fi ń gbé wọn kúrò níbì kan lọ síbòmíràn. Wọ́n ní kí Àdìgún lọ ṣe akọ̀wé ní ẹ̀ka ológun ní iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Accra, fún ọdún mẹ́ta, òun àti ìdílé rẹ̀. Sàmíát, àkọ́bí wọn, ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣùpọ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí Mosúnmọ́lá ti ń ṣiṣẹ́, pè é sí ọ́fíìsì, ó ní láti táàmù tó ń bọ̀, Mosúnmọ́lá ni yóò jẹ́ igbákejì òun. Mosúnmọ́lá dúpẹ́. Nígbà tó délé, ó bá ìwé sígínà lórí tábìlì, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kejì ó padà lọ bá ọ̀gá rẹ̀ láti sọ pé òun ń lọ.

Ní Accra, Àdìgún ò rí ìṣòro kankan. Bó bá jí láàárọ̀, mọ́tò iléeṣẹ́ aṣojú á wá gbé e, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní ọ́fíìsì, ọmọ Nàìjíríà ló yí i ká. Mosúnmọ́lá ló bá ìlú pàdé. Òun ló lọ ọjà, tó na ìka sí ata, tó na ìka sí ẹja, tí wọ́n fún un ní owó padà tí kò mọ̀ bóyá ó pé. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti ń bá àwọn ọlọ́jà nájà ní Twi, èdè wọn, débi pé wọ́n ń bi í bóyá Kumasi ni wọ́n ti bí i. Ibẹ̀ ló ti bí Toheeb, ọmọ rẹ̀ kejì. Sàmíát ní tirẹ̀ kò tún mọ èdè méjì yà sọ́tọ̀ mọ́. Á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ní Yorùbá, á parí rẹ̀ ní Twi, á sì máa bínú bí ẹnikẹ́ni ò bá gbọ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé bárékè Òjó lọ́dún 2014, wọ́n fi Sàmíát sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Òkokomáikò. Lọ́jọ́ kẹta ó padà wálé, kò bọ́ bàtà, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

"Wọ́n ní mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ," ó wí.

Mosúnmọ́lá rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra, ó ní yóò lọ. Ohun tó wà lọ́kàn tirẹ̀ tóbi ju ìyẹn lọ lójú rẹ̀. Ó ti padà lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣùpọ̀, ọkùnrin náà sì ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní, "Ìyá Sàmíát, ẹ dákun, ẹ má bínú. A ò lè fi àga sílẹ̀ lófìfo fọ́dún mẹ́ta. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ bá wa ṣe, ìsàlẹ̀ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀." Ẹni tó jẹ́ igbákejì ọ̀gá nígbà náà, ọmọbìnrin tí Mosúnmọ́lá kọ́ níṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni. Ó gbà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó gun òkè díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, sígínà kejì dé. Addis Ababa ni lọ́tẹ̀ yìí.

Addis tutù. Orí òkè ni ìlú náà wà, òjò ibẹ̀ sì ń rọ̀ bí ẹni tó ń bínú. Sùẹ́tà ni àwọn ọmọ ń wọ̀ sùn. Mosúnmọ́lá tún bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka sí nǹkan lọ́jà. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń lọ sí ogójì, ó sì rí i pé orí òun ò fẹ́ gba èdè tuntun kíákíá bíi ti Accra mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń lọ, ọmọ oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ló wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ. Bí wọ́n bá dé ilé, Gẹ̀ẹ́sì náà ni. Àdìgún ò rí i bí nǹkan bàbàrà. "Ìgbà tí a bá délé, wọ́n á sọ Yorùbá," ni gbólóhùn rẹ̀. Mosúnmọ́lá náà ò bá a jiyàn, nítorí ó rẹ̀ ẹ́.

Àárọ̀ Sátidé kan lọ́dún 2018 ni Ìyá Àdìjá pè wọ́n lórí fídíò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbé ilé rẹ̀ ló bá a di fóònù mú. Mosúnmọ́lá ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ó ní kí Sàmíát gbé e.

"Sàmíát, ọkọ mi, ṣé dáadáa lo wà?" ni ìyá àgbà wí.

"Mo wà dáadáa. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti jẹun?"

Ìyá àgbà sún mọ́ fóònù. Mosúnmọ́lá tó wà nídìí abọ́ gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi.

"Ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀ yẹn?" ni ìyá àgbà tún wí.

"Èmi ni. O ò gbọ́ mi ni?"

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Sàmíát. Kò rí ìyá àgbà fín. Ó ń fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti jẹun lóòótọ́ ni. Kò kàn sẹ́ni tó sọ fún un pé a kì í sọ "o" fún àgbà. Nígbà tó kan Toheeb, ọmọ ọdún mẹ́fà, ó juwọ́ sí fóònù, ó sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan, ó sì sá lọ bá bọ́ọ̀lù rẹ̀.

"Gbé fóònù fún ìyá rẹ," ni Ìyá Àdìjá wí.

Mosúnmọ́lá nu ọwọ́ rẹ̀, ó gbà á. Ó ti múra láti bẹ̀bẹ̀.

"Mi ò bínú," ni ìyá rẹ̀ wí kó tó la ẹnu. "Ọmọ tí a ò bá kọ́, kò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n o ní olùkọ́ ni ọ́, Mosúnmọ́lá. Ta lò ń kọ́?"

Ó ní kí wọ́n pa fóònù. Kì í ṣe pé ó fàbùkù kàn án, ohùn rẹ̀ tilẹ̀ rọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá Mosúnmọ́lá lọ sídìí abọ́, ó bá a lọ ọjà, ó bá a dé orí bẹ́ẹ̀dì. Lóòótọ́, ọdún kan gbáko ló ti lò ní Addis, kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ó ti ka ara rẹ̀ sí olùkọ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì wo àwọn ọmọ méjèèjì tó wà níwájú rẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni kíláàsì bẹ̀rẹ̀, lórí tábìlì ilé ìdáná. Ó gé páálí bíṣíkíìtì sí wẹ́wẹ́, ó kọ àwọn ọ̀rọ̀ sí i lára, ó lẹ "o" mọ́ ògiri kan, ó lẹ "ẹ" mọ́ ògiri kejì. Ó na páálí sókè: ìyá àgbà, àbúrò, dókítà, ọ̀rẹ́, alájọgbé. Kí àwọn ọmọ sá lọ dúró síbi tó yẹ. Toheeb fẹ́ràn sísá náà, ìyẹn ló mú un jókòó. Sàmíát ń yọ ṣùtì, ó ní òun ti dàgbà ju eré lọ, ṣùgbọ́n ó ń wò. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyàwó awakọ̀ iléeṣẹ́ aṣojú mú ọmọ tirẹ̀ méjì wá, ó ní òun gbọ́ pé Ìyá Sàmíát ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá, kó ran òun náà lọ́wọ́, torí bàbá ọkọ òun ti sọ pé, "Mi ò ní gbé fóònù ọmọ tí kò lè kí mi mọ́." Mosúnmọ́lá gbé omi kaná, ó fi atalẹ̀ sí i nítorí òtútù, ó bu fún gbogbo wọn. Ó tún ń kọ lẹ́tà sójú pátákó kékeré kan. Ó yà á lẹ́nu pé ọwọ́ òun ò gbàgbé.

Lọ́dún 2020 wọ́n padà sí Òjó, Mosúnmọ́lá sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ láti ìsàlẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Mosúnmọ́lá rí ohun tó ti ń wá láti ìgbà tó ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ rẹ̀: yunifásítì àwọn olùkọ́ ní Ìjànìkín gbà á wọlé láti kàwé gboyè, kí ó máa wá ní ìrọ̀lẹ́ àti àsìkò ìsinmi. Ó fi ìwé ìgbaniwọlé náà han Sàmíát kó tó fi han bàbá rẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Àdìgún wọlé, ó bọ́ fìlà, ó ní, "Brazil ni."

Mosúnmọ́lá ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

"Ẹ kú oríire," ó wí.

"Oṣù kìíní la ó lọ. Kí la ó kọ́kọ́ tà? Fíríìjì àbí àwọn àga?"

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń lọ ni wọ́n máa ń ta ẹrù ilé, bí wọ́n bá dé, wọ́n á tún ra tuntun.

"Lọ́tẹ̀ yìí, a ò ní ta nǹkan kan," ni Mosúnmọ́lá wí. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ, Bàbá Sàmíát. Èmi àti àwọn ọmọ á dúró."

Àdìgún jókòó sórí apá àga. Ó bi í bóyá òun ṣẹ̀ ẹ́ ni. Mosúnmọ́lá ní rárá. Ó wá ka ìdí rẹ̀ fún un: Sàmíát yóò ṣe ìdánwò àṣekágbá lọ́dún 2024, ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́fà ló sì ti lọ láyé rẹ̀, ìyá òun ti ń dàgbà, òun náà ti fi orúkọ sílẹ̀ ní Ìjànìkín.

"Mo ti bá yín lọ ẹ̀ẹ̀mejì," ó wí. "Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ ẹ̀ẹ̀kẹta, mi ò ní lè padà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ mọ́. Agbára rẹ̀ ò sí."

"Mo mọ àwọn tó dá lọ tí ilé wọn dàrú," ni Àdìgún dáhùn.

"Èmi náà mọ̀ wọ́n. A jọ ń gbé búlọ́ọ̀kù kan náà ni."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Àdìgún fi ń rìn káàkiri ilé bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Kò jà, kò sì kọ oúnjẹ. Lọ́jọ́ kẹrin ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìbà, ó lọ fẹjọ́ sun ìyá ìyàwó rẹ̀. Ó rò pé àgbà yóò bá òun sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ibi tí ọkọ bá wà ni ìyàwó ń wà. Ìyá Àdìjá gbọ́ ọ délẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ní, "Àdìgún, èmi ò dá sí i. Ẹni tó ń gbé inú ilé ló mọ ibi tí òjò ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n bí o bá kúrò ní bárékè, wọ́n á fẹ́ gba kọ́tàsì wọn fún ẹlòmíràn. Yàrá méjì tó wà níwájú ti ṣófo láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò sí ẹni tí yóò gba owó ilé lọ́wọ́ ìyàwó rẹ."

Àdìgún dúpẹ́. Ó rìn jìnnà kó tó yé e pé àgbà ti dá sí i.

Ó lọ ní oṣù kìíní ọdún 2023. Kó tó lọ, òun fúnra rẹ̀ ló kó ẹrù wọn lọ sí Ìbà, ó kan ṣẹ́ẹ̀fù mọ́ ògiri, ó tún iná yàrá méjèèjì ṣe. Wọ́n jọ fẹnu kò pé gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọn yóò máa ríra lójú fídíò, bó ti wù kí nẹ́tíwọ̀kì burú tó, àti pé bó bá gba ìsinmi, ilé ni yóò wá, kì í ṣe ibòmíràn.

Oṣù àkọ́kọ́ le. Toheeb ń wá bàbá rẹ̀ káàkiri ilé. Ó ní ilé ìyá àgbà dára ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Mosúnmọ́lá ń sáré láti ilé-ẹ̀kọ́ sí Ìjànìkín, ó ń sáré láti Ìjànìkín sílé. Ìgbà mìíràn á bi ara rẹ̀ bóyá agídí lòun ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni ohùn Àdìgún wọlé sórí WhatsApp, ohùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fara pamọ́ síbì kan.

"Ìyá Sàmíát, inú ṣọ́ọ̀bù ni mo wà. Iyọ̀ ni mo fẹ́ rà. Mo ti yí ṣọ́ọ̀bù yìí po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Potogí ni gbogbo wọn ń sọ. Mo bi ọmọbìnrin kan, ó gbé ṣúgà fún mi, ojú tì mí, mo gbà á. Ṣúgà ti di mẹ́ta nílé. Jọ̀ọ́, báwo lo ṣe ń ṣe é?"

Mosúnmọ́lá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ó rẹ́rìn-ín títí ìyá rẹ̀ fi yọjú láti wo ohun tó ṣe é. Ó wá tẹ fóònù, ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò lójú wọn, kẹ́ ẹ sì fa ojú ro bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Bí wọ́n bá sọ orúkọ rẹ̀, ẹ pè é tẹ̀ lé wọn. Wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ bá wọn rín in."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Àdìgún ò sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rárá. "Ọdún mẹ́ta ní Accra, ọdún mẹ́ta ní Addis," ó wí. "Mo rò pé mo kó yín lọ gbádùn ni. Ìwọ lò ń ru ìlú fún wa lórí. O ò sì sọ fún mi."

"Mo sọ," ni Mosúnmọ́lá dáhùn. "Ẹ ń lọ síbi iṣẹ́ ni."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ wọn gùn ju ti ìgbà tí wọ́n wà nínú ilé kan náà lọ.

Yàrá iwájú ní Ìbà ni kíláàsì Sátidé ti tún gbérí. Àwọn ọmọ ṣọ́jà tó ti ìlú òkèèrè dé ló kọ́kọ́ wá. Lẹ́yìn náà, ìyá kan láti Igbó-Elérin, tí ọkọ rẹ̀ ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Alábà, mú ọmọ rẹ̀ méjì wá. Ó ní Igbo làwọn ń sọ nílé, ṣùgbọ́n Yorùbá wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn ní ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ òun sì ń fìdí rẹmi nínú rẹ̀. Bí ìkíni bá kan, Ìyá Àdìjá ni ìdánwò. Ó máa ń jókòó sẹ́yìnkùlé, ọmọ kọ̀ọ̀kan á lọ bá a: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìsinmi. Bí ọmọ bá sọ "o" fún un, etí rẹ̀ á di lọ́gán, kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ títí ọmọ náà yóò fi tún un sọ. Àwọn ọmọ mọ̀ pé ó ń gbọ́. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni wọ́n mú Morádéyọ̀ wá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, China ni àwọn òbí rẹ̀ ti mú un dé, bárékè sì ni wọ́n ń gbé. Sátidé mẹ́rin ló wá tí kò la ẹnu. Ìyá rẹ̀ ní kì í sọ̀rọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, pé wọ́n ti fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Mosúnmọ́lá lo páálí, ó lo àlọ́, ó lo bíṣíkíìtì. Kò gbéṣẹ́.

Sàmíát, tó ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kì í fi bẹ́ẹ̀ dá sí kíláàsì. Ìwé ìdánwò rẹ̀ ló ń kà nínú yàrá kejì. Lọ́jọ́ Sátidé kẹrin yẹn, ó jáde wá bu omi, ó rí Morádéyọ̀ níbi tó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ó dúró. Ó gbé ife omi sílẹ̀, ó jókòó tì í.

"Èmi, wọ́n ní mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ," ó sọ fún un. "Kí ni wọ́n pe ìwọ?"

Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó dáhùn, ó sì rọra sọ ọ́ débi pé Mosúnmọ́lá tó wà nídìí pátákó ò gbọ́. Sàmíát kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ gbólóhùn kan fún un ní Twi, èyí tó kù lórí rẹ̀ láti ìgbà èwe, Morádéyọ̀ sì wò ó, ó dá a lóhùn pẹ̀lú gbólóhùn kan ní èdè China. Wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹnìkínní ò gbọ́ ẹnìkejì, títí tí àwọn méjèèjì fi ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, Sàmíát mú un lọ́wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Ìyá Àdìjá ń ya efinrin. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà," ohùn rẹ̀ sì lọ sókè níbi tó yẹ kó lọ sílẹ̀.

Ìyá àgbà gbójú sókè. Etí rẹ̀ ò di rárá. "O ò ní rí iṣẹ́ òṣì, ọmọ mi," ó wí. "Wá bá mi ya ewé yìí."

Láti ọjọ́ yẹn, Sàmíát gba àwọn ọmọ kéékèèké lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó ní àwọn ohun kan wà tí màmá òun ò lè mọ̀, nítorí màmá òun ti gbọ́ Yorùbá kó tó lọ gbọ́ òmíràn.

Èsì ìdánwò rẹ̀ jáde lọ́dún 2024, ó sì dára. LASU gbà á láti kọ́ èdè Faransé. Àdìgún gba ìsinmi wálé lásìkò náà, ó tẹ̀ lé e lọ forúkọ sílẹ̀, ó ń pe gbogbo ẹni tó bá pàdé ní ẹnu ọ̀nà wá wo ọmọ òun, ojú ń ti Sàmíát.

Oṣù kìíní ọdún 2026 ni Àdìgún padà dé pátápátá. Kò ju ọdún méjì àti díẹ̀ lọ mọ́ tó kù kó fẹ̀yìn tì. Wọ́n fún un ní kọ́tàsì padà ní Òjó, ó sì bi ìyàwó rẹ̀ bóyá wọn yóò kó lọ. Mosúnmọ́lá ní kó jẹ́ kí àwọn máa gbé Ìbà, kó máa ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Àdìgún ò jiyàn. Ó ra pákó, ó fi gígùn kún òrùlé ìta níwájú ilé, nítorí yàrá iwájú ò gba àwọn ọmọ mọ́, ọ̀pọ̀ wọn ló ń dúró lójú fèrèsé. Òun àti Toheeb ló kan an pọ̀. Toheeb ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ báyìí. Bí wọ́n ṣe ń kan pákó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù láìsinmi, ẹgbẹ́ tí bàbá lọ wò ní Brazil àti gbogbo góòlù tí wọ́n jẹ.

Mosúnmọ́lá ti wọ ọdún tó kẹ́yìn ní Ìjànìkín. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Àjàngbádì ni wọ́n fi í sí láti fi iṣẹ́ ìkọ́ni dánra wò. Ó ń rí i lójú àwọn olùkọ́ tó wà níbẹ̀, tí wọn ò ju ọmọ ogún ọdún àti díẹ̀ lọ, pé wọn ò mọ ohun tí àwọn lè kọ́ ọ. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀kan nínú wọn wá bá a, ó ní kó wá dúró ti òun ní kíláàsì òun, pé àwọn ọmọ òun kì í gbọ́.

Sátidé tó kọjá yìí, obìnrin kan wọlé, ìyàwó sájẹ́ńtì kan ní bárékè. Ó di ọmọbìnrin kékeré kan mú. Ó dúró títí kíláàsì fi parí, ó ní sígínà àwọn ti dé, pé Senegal ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé Ìyá Sàmíát ti lọ ibi púpọ̀, kí ni kí òun dì lẹ́rù.

Mosúnmọ́lá jọ̀wọ́ àga fún un. Ó ní kó mú aṣọ tó nípọn díẹ̀, ìwé tí ọmọ náà fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ níbí, àti nọ́ńbà ìyá ọkọ rẹ̀, kí wọ́n máa pè é láràárọ̀ Sátidé. Sàmíát tó ń kó páálí nílẹ̀ gbọ́ Senegal, ó sún mọ́ ọmọ náà, ó bi í bóyá ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè omi níbẹ̀ ní Faransé. Ọmọ náà mi orí. Àwọn méjèèjì bọ́ sábẹ́ òrùlé ìta, níbi tí Àdìgún ti ń gbá eruku pákó, ó sì dáwọ́ dúró kí òun náà lè gbọ́.